Èsì: Ọmọ olóògbé ń bẹ̀bẹ̀ fún ogún tí ìyá rẹ̀ kọ fún ẹgbẹ́ wa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ ní màmá kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú ogún rẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú yín, ọmọ rẹ̀ sì ní kí ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun.

Ẹ má tíì ṣèlérí o! Lábẹ́ òfin England àti Wales, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni owó yẹn wà fún. Àánú nìkan kò tó láti fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Tí ẹ bá rí i pé ó yẹ kí ẹ fún un, tí owó náà sì pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú.

Ọmọ náà lè gba ilé ẹjọ́ lọ, lábẹ́ òfin ọdún 1975 tó jẹ́ kí ẹbí olóògbé béèrè ìpín nínú ogún, láàárín oṣù 6 tí probate, ìwé àṣẹ láti pín ogún, bá ti jáde. Nínú ẹjọ́ Ilott lọ́dún 2017, níbi tí ọmọ kan ti béèrè ìpín nínú ogún tí ìyá rẹ̀ kọ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, £50,000 ni ọmọ yẹn gbà, èyí tó pọ̀ jù sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú.

Ẹ̀yin ò bi mí, ṣùgbọ́n èyí lè jẹ owó: tí ilé bá wà nínú ogún náà, ẹ ní kí àwọn tó ń pín in kọ ìpín yín sílẹ̀ ní ìwé gẹ́gẹ́ bíi tiyín kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé títà. Ẹgbẹ́ aláàánú kì í san owó orí lórí èrè ilé. Àwọn tó ń pín ogún lè san án.

Lọ́yà àwọn tó ń pín ogún kì í ṣe lọ́yà yín. Ẹ wá tiyín, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ béèrè iye tó máa gbà.