"Gààrí yìí ò kan": kí ni ìyá ń wí?

Ìyàwó ilé kan béèrè pé ìyá ọkọ òun tọ́ gààrí wò lọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní "Èyí ò kan," ló bá dà á padà sínú igbá. Ó ní ṣé kíkan kì í ṣe bíbàjẹ́ ni?

Ìyàwó wa, ó kù sí ohun tó kan. Ẹni tó bá ní "ọbẹ̀ ti kan," ẹjọ́ ló ń rò. Ẹni tó bá ní gààrí kan, tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ń yìn ín ni.

Bí wọ́n bá rin pákí tán, inú àpò ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á wá gbé òkúta lé e. Àwọn tó ń kánjú lè yan án lọ́jọ́ kejì. Ti Ìjẹ̀bú á pẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí òórùn rẹ̀ á fi máa ta síni nímú. Àwọn bakitéríà tí ojú ò lè rí ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣúgà inú pákí ni wọ́n ń jẹ. Afẹ́fẹ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Wọ́n á la ẹyọ glúkóòsì (irú ṣúgà kan) kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n á rí ATP 2 péré níbẹ̀ (ATP ni agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó), wọ́n á sì sọ èyí tó kù di ásíìdì látíìkì. Òun lahọ́n ń tọ́ wò. Iná agbada á pa bakitéríà, ṣùgbọ́n kíkan ò ní lọ.

Sẹ́ẹ̀lì tìrẹ náà, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tí o bá mu gààrí tán: á la glúkóòsì sí méjì. Àmọ́ ìwọ ń mí, ọ́síjìn wà, nítorí náà mitokọ́ńdríà, iléeṣẹ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì, á jó o tán pátápátá, ATP á tó nǹkan bí 30. Omi ló kù, àti afẹ́fẹ́ tí ò ń mí síta. Àyàfi tí o bá ń sáré lé ọkọ̀ tó fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀: iṣan ẹsẹ̀ á ṣe bí àpò pákí fúngbà díẹ̀, á máa ṣe ásíìdì látíìkì. (Ásíìdì yẹn kọ́ ló ń fa ìrora ọjọ́ kejì o, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ.)

Tí o bá tún bá ìyá lọ sọ́jà, ju díẹ̀ sẹ́nu kí o tó béèrè iye kóńgò.

Ọbẹ̀ ńkọ́? A ò mọ irú àlejò tó wọnú ìkòkò yẹn. Dà á nù.