Òróró Dóńgóyárò Kì í Yọ́ Nínú Omi: Kí Ló Wá Pa Mòínà Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọ̀nà Ìlọrin níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti ń sin ẹja àrọ̀ láti orí ẹyin. Mòínà, ẹ̀dá omi kéékèèké, tí mò ń sìn nínú táǹkì ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ ẹja. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì náà, kòkòrò ń jẹ ẹ́, mo wá ra òróró dóńgóyárò tí mo fẹ́ máa fín sí i. Kí òjò má baà wọ́ ọ wọ táǹkì, mo kọ́kọ́ dán an wò: mo da ìdérí ìgò kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mòínà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ojú omi lọ súà. Àbúrò ọkọ mi ní kí n po ọṣẹ mọ́ òróró náà kó lè yọ́. Èyí tí mo po ọṣẹ mọ́, ẹyọ kan ò yè níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní òróró kì í yọ́ nínú omi, pé kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Èwo ni kí n gbà? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Nínú gbogbo yín, ẹ̀yin lẹ gbọ́n jù, nítorí ẹ dán an wò kí ẹ tó fín in. Àmọ́ ìdánwò yẹn ò tíì dáhùn ohun tí ẹ bi í.

Ìdérí ìgò kan máa ń gbà tó mílílítà 5, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 4.5 òróró. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ti lítà 10, mílígíráàmù 450 lẹ dà sí lítà kọ̀ọ̀kan. Ní yàrá àyẹ̀wò, mílígíráàmù 100 sí lítà kan ni òkè téńté tí a sábà máa ń dé. Àní 450 yẹn gan-an kọ́ ni mòínà bá pàdé, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ léfòó. Ìwọ̀nba tó yọ́ ni wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ìwọ̀nba yẹn sì ni a ń wá.

Tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú omi láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ óò rí mòínà tó ṣì ń ju apá méjèèjì tó fi ń wẹ̀, tó ń yí po lójú kan bí eṣinṣin tó já sínú ọbẹ̀. Èèpo ara rẹ̀ kì í gba omi mọ́ra dáadáa. Tó bá ti kan òróró, ó parí, kò lè wá sísàlẹ̀ mọ́. Irú èyí lè má tíì fẹnu kan májèlé kankan. Òróró dè é mọ́lẹ̀ ni, a kì í sì í ka irú ikú bẹ́ẹ̀ mọ́ ti májèlé.

Ti ọṣẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ ò mú òróró yọ́. Ńṣe ló fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí omi fi funfun bí omidùn. Sísẹ́ ni mòínà ń sẹ́ omi jẹun, yóò sì máa gbé ẹ̀kán kéékèèké yẹn mì. Ọṣẹ fúnra rẹ̀ náà ń pa á. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo ló pa wọ́n? Kò sẹ́ni tó lè sọ.

Ẹni tó tà á ńkọ́? Ẹ wo cypermethrin, oògùn kòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ wa ń fín sí ẹ̀wà. Lítà omi kan ò lè gbà ju nǹkan bíi ìdá 4 nínú ẹgbẹ̀rún mílígíráàmù kan lọ. Síbẹ̀, èyí tó kéré sí ìyẹn ti tó láti dá Daphnia dúró, ìyẹn ìbátan mòínà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò kárí ayé. Ohun tí kò fẹ́ yọ́ lè jẹ́ pé díẹ̀ tó yọ́ yẹn ló le jù.

Ẹ tún un ṣe báyìí. Ẹ wá ìgò gíláàsì ẹlẹ́nu fífẹ̀, ti lítà kan. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án. Ẹ bu omi kànga tó ti mọ́ mòínà lára sí i. Kí ẹ tó kán òróró rárá, ẹ ki rọ́bà dírìpù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì bọ inú omi títí ẹnu rẹ̀ yóò fi sún mọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dí ẹnu kejì. Tó bá jẹ́ pé òróró ti wà lójú omi kí ẹ tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, àárín òróró ni yóò gbà kọjá, yóò sì gbé e lọ sísàlẹ̀. Rọ́bà náà á fa díẹ̀ mọ́ra. Ọ̀pá gíláàsì la ń lò níbi tiwa, ṣùgbọ́n fún tilé, ó tó. Inú ife ike ni kí ẹ má ṣe é. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, a fi ife ike dán oògùn kòkòrò kan wò, mòínà ń wẹ̀ kiri, a ti ń yọ̀ pé kò léwu. Ìgbà tí a wọn omi náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, ara ike ló lẹ̀ mọ́.

Ẹ wá kán òróró lé e. Ẹ̀kán méjì nínú lítà kan á tó nǹkan bíi mílígíráàmù 80. Ẹ ṣe ìgò kejì tó ní ẹ̀kán kan, àti ìkẹta tí kò ní nǹkan kan. Ẹ má bu omi la èyí tó le kẹ́ ẹ sọ pé ó ti di ìdajì o. Oríṣiríṣi nǹkan ló wà nínú òróró dóńgóyárò, bí kálukú wọn sì ṣe ń yọ́ yàtọ̀, nítorí náà ìgò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òróró tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá gíláàsì yí omi náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ní wákàtí wákàtí. Ẹ má rò ó bí ẹni ń ro ọkà, torí tí òróró bá fọ́ wọ inú omi, ọ̀rọ̀ ọṣẹ la tún padà sí yẹn. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ tú rọ́bà, kí ẹ da omi tó kọ́kọ́ jáde nù, kí ẹ wá gba omi ìsàlẹ̀ sínú ife gíláàsì. Tí tọ́ọ̀ṣì bá fi ẹ̀kán òróró hàn yín níbẹ̀, ẹ ṣì dúró.

Ìlànà nọ́ńbà 202 ti OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míkà, tí a ń tẹ̀ lé fún Daphnia ní kí a lo ogún ọmọ tí kò tíì pé wákàtí 24, márùn-ún nínú ife kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 48. Ẹ lè lo òǹkà kan náà fún mòínà. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, nítorí oúnjẹ á fa òróró mọ́ra. Ẹ mi ife díẹ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 15. Èyí tí kò bá wẹ̀, ẹ kà á mọ́ àwọn tó ti dákẹ́, ì báà ṣì máa mi apá. Tí ju méjì lọ bá dákẹ́ nínú ogún tó wà nínú omi lásán, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Kódà tí gbogbo wọn bá yè, ẹ má tíì fò sókè. Azadirachtin, èròjà kan nínú dóńgóyárò, ń da bíbọ́ awọ kòkòrò rú, mòínà náà sì ń bọ́ awọ kó tó dàgbà. Irú ìpalára bẹ́ẹ̀ kì í yára hàn. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ Daphnia nítorí èyí. Ti mòínà yára jù bẹ́ẹ̀: ẹ máa sìn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ máa pààrọ̀ omi ìgò náà, kí ẹ sì ka iye ọmọ tí wọ́n bí.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní dúró de èsì kí n tó gbẹ́ ojú àgbàrá gba ẹ̀yìn tẹ̀tẹ̀ yẹn, mi ò sì ní fọ agbè ìfínko sí tòsí táǹkì. Tí ẹ bá fẹ́ kí a wọn iye tó yọ́ gan-an, inú ìgò gíláàsì ni kí ẹ gbé omi náà wá, kó kún dé ẹnu, kí ẹ fi bébà fàdákà bò ó nítorí oòrùn, kí ẹ sì mú díẹ̀ lára òróró náà dání.