Ìdí tó fi jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé torí àdúrà nìkan ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe ń ṣètò ìjà ẹ̀tọ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nígbà náà, òyìnbó lè lé tíṣà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá dá sí ìjà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò lè lé pásítọ̀, nítorí ìjọ ló ń sanwó fún un, ìjọ náà ló sì ni ilé.

Ẹ wo Montgomery, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Alabama. Lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1955, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá mú Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, Holt Street Baptist Church kún dẹ́nu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúró síta, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ látinú sípíkà. Láti fi ẹ̀hónú hàn, ọjọ́ 381 ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà ò fi wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ fẹsẹ̀ rìn. Mọ́tò tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sí lára ló ń kó àwọn mìíràn lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ibẹ̀ kọ̀ láti dójú òfò fún àwọn mọ́tò náà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí adójútòfò mìíràn. (Ẹ ò rí ọgbọ́n!)

Kì í ṣe gbogbo pásítọ̀ ló bá wọn lọ o. J. H. Jackson, olórí ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi aláwọ̀ dúdú tó tóbi jù, kò fara mọ́ ọ̀nà Martin Luther King, pásítọ̀ tó ṣáájú ìjà náà, rárá. Ẹgbẹ́ náà pín ní 1961.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó sì ṣílẹ̀kùn fún ìjà náà jìyà rẹ̀. Láàárọ̀ Sunday, ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 1963, bọ́ǹbù bú ní 16th Street Baptist Church ní Birmingham, ní Alabama kan náà. Ó pa ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń múra ìsìn.