Ọmọ tó ò ń pè ní Kábíyèsí Oorun dà?

Ìwọ tó fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ bíi "Tíṣà Alápàárá, Òṣogbo," ojú ewé mẹ́ta lo kọ ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. O ní ọmọ 78 ló wà ní Pírámárì Kẹrin tí wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè lorí ti ń fọ́ ọ, oorun rẹ ò já geere, àpárá nìkan ló ń gbé ọ ró. O tún pa òwe fún mi pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ọ̀gá ilé ìwé yín wá ní kó o yéé pa àwọn olùkọ́ lẹ́rìn-ín lákòókò iṣẹ́, lo bá ń bi mí bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Fi ọ̀gá sílẹ̀ ná. Nísàlẹ̀ ojú ewé kejì, o kọ gbólóhùn kan tó o sáré fò kọjá: "Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń sùn ní kíláàsì, mo sọ ọ́ ní Kábíyèsí Oorun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Kábíyèsí ò ti yọjú, ariwo sì ti dín kù." Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀rọ̀ owó oṣù.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! O ò bi ẹnikẹ́ni. O ò ní kí ọmọ àdúgbò wọn kan yà síbẹ̀ wò ó. Nínú odindi ojú ewé mẹ́ta, kò sí ibi tó o ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ náà ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

O wá ròyìn eré náà bí ẹni ń ròyìn ohun ìwúrí. Ọmọ á gbé orí sókè lórí tábìlì, itọ́ á ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ á ṣì wúwo. Kó tó mọ ibi tó wà, àwọn ọkùnrin á ti dọ̀bálẹ̀ sáàárín bẹ́ńṣì, àwọn obìnrin á ti kúnlẹ̀, gbogbo kíláàsì á ké "Kábíyèsí ò!" Ìwọ olùkọ́ wọn á sì máa fi dọ́sítà ju ìrùkẹ̀rẹ̀ fún un. O ní gbogbo yín lẹ rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín.

Mo fi ọdún 29 kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì. Èmi náà ní ọ̀kan rí, pàṣán ni mo kọ́kọ́ fi jí i. Ọjọ́ kan ni mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn àlùbọ́sà bò mí nímú. Mo wo ọwọ́ náà, ọ̀bẹ ti gé àtàǹpàkò rẹ̀ níbi mẹ́ta. Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jí bá ìyá rẹ̀ bó ẹ̀wà, tí yóò gé àlùbọ́sà, tí yóò gbé àkàrà kiri kó tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ọmọ tí mo nà ti ṣiṣẹ́ kí èmi tó fọ eyín mi láàárọ̀. Títí di òní, mi ò gbàgbé ọwọ́ yẹn.

Bóyá tìrẹ kì í ṣe ti àkàrà. Bóyá ibà ni, bóyá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, bóyá ilé wọn ò rọgbọ lóru. O ò lè mọ̀, torí ẹ̀rín lo fi dí ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí ìbéèrè gbà.

Mi ò sọ pé kò rẹ̀ ọ́ o. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ 35 ni kí olùkọ́ pírámárì kan máa kọ́, tìrẹ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ìṣẹ́jú méjì péré lórí ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì ààbọ̀ ti lọ, o ò tíì fọwọ́ kan lẹ́sìn nóòtù ọ̀la. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé irú àárẹ̀ tí wàhálà ibi iṣẹ́ máa ń fà bí a ò bá bójú tó o, wọ́n sì to àmì mẹ́ta sílẹ̀: kí okun tán lára èèyàn, kí ọkàn rẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́ náà tàbí kó máa fojú yẹpẹrẹ wò ó, kó sì máa rí i bíi pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ti àkọ́kọ́ wà lójú ewé kìíní rẹ. Ti ìkẹta ni ibi tó o ti ní bí ẹni ń fi agbọ̀n pọnmi lo ṣe ń kọ́ wọn. Ti ìkejì ni Kábíyèsí. Ohun tó o rò pé ó ń tù ọ́ lára, ó wà lára àmì náà.

Mi ò bá ẹ̀rín jà. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí ìyá mi sí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lóru tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó máa ń fi orin bú èèyàn, bá jáde, ó lè fi olóyè tó ń jẹ owó ìlú kọrin, ó lè fi ìkà kọrin, ẹ̀rín á gba ọjà kan. Mi ò rí i rí kó dúró lé ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀ lórí, kó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó o sọ ní yàrá olùkọ́, pé bí èrè olùkọ́ bá wà lọ́run lóòótọ́, kí wọ́n fi akọ̀wé owó ibẹ̀ hàn yín, ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mú olùkọ́ kan dání, kó o lọ sílé ọmọ náà. Má dá àpárá kankan débẹ̀. Kí ìyá rẹ̀, jókòó, bi í léèrè ìgbà tí ọmọ ń sùn àti ìgbà tó ń jí. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, bó ti wù kó kéré tó. Ọjọ́ tó bá padà wá, tún un tọrọ níwájú àwọn 77 yòókù, torí níwájú wọn lo ti fún un lórúkọ. Lẹ́yìn náà, gbé réjísítà lọ bá ọ̀gá rẹ, kí ẹ jọ kọ̀wé sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé pírámárì, fún olùkọ́ sí i. Kó o sì lọ yẹ ìfúnpá rẹ wò, orí tó ń fọ́ ní gbogbo Sọ́ńdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Má dúró di Mọ́ńdè. Bó o bá ti kà á tán, wọ bàtà.