Èsì: Òkè tí èrò kì í pọ̀ sí ní Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá òkè wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin) téèyàn lè gùn láìbá èrò pàdé. Ó wà dáadáa. Ẹ fi àwọn ńlá tó dojú kọ ìlú sílẹ̀, ẹ wá àwọn kékeré ẹ̀yìn oko. Àpáta ni wọ́n; lásìkò òjò, ara wọn a máa yọ̀ bí ilá. Oṣù kọkànlá ni mo fara mọ́, torí tí ọyẹ́ bá ti mú, kùrukùru ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀ọ́kán. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kẹ́ ẹ gbéra: lọ́sàn-án, àpáta yẹn á gbóná débi tẹ́ ẹ ò ní lè gbọ́wọ́ lé e. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà abúlé o, ojúbọ wà lórí òmíràn. Sálúbàtà kọ́ lẹ máa wọ̀ lọ ṣá!