Èsì: Ìdìtẹ̀gbàjọba ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1981 ni tàbí 1983?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ọdún méjèèjì tí ẹ rí ló tọ̀nà, nítorí pé ìdìtẹ̀gbàjọba méjì ló bọ́ sí ọjọ́ yẹn.

Bí ó bá jẹ́ Gánà ni ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀, 1981 ni kí ẹ lò: Jerry Rawlings gba ìjọba lọ́wọ́ Hilla Limann, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ gbé ìjọba fún ní 1979, ọ̀rọ̀ tí ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà, 1983 ni. Sani Abacha ló kéde lórí rédíò pé àwọn ológun ti lé Shehu Shagari kúrò, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ó búra fún sáà kejì; ṣùgbọ́n Muhammadu Buhari ni wọ́n fi ṣe olórí.