Ṣé a lè pe iléeṣẹ́ ìkànnì ayélujára lẹ́jọ́ nítorí ọmọ tí kì í sùn mọ́?

Ìyá wa tó béèrè láti Kábbà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ẹ wo àtàǹpàkò rẹ̀ lóru: bó ṣe ń fa ojú fóònù sókè ni fídíò mìíràn ń yọ, kò sí ibi tó ti máa parí. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Oorun ló kọ́kọ́ ń bá a lọ, ìdààmú ọkàn a sì máa tẹ̀ lé àìsùn.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1996 kan, Section 230, ń dáàbò bo iléeṣẹ́ lórí ohun tí ẹlòmíràn kọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùpẹjọ́ fi dojú kọ bí wọ́n ṣe ṣe áàpù náà gan-an: lóṣù kẹwàá 2023, ìpínlẹ̀ 33 jùmọ̀ pe Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, lẹ́jọ́.

Nílẹ̀ wa, owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, bù lé Meta ní 2024, ọ̀rọ̀ dátà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà ni, kì í ṣe ti ìlera ọpọlọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ilé ẹjọ́. Kí fóònù máa sùn ní yàrá yín. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.